Àwọn Olófòófó Tó Wà Lájà Ilé Mi

Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025
Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó kú. Mo fi orí ru kankéré. Odindi ìgbà òjò kan ni mo fi sùn lábẹ́ pákó ní Utako, ní olú-ìlú tuntun, nígbà tí Utako ṣì jẹ́ igbó. Ibà. Ejò. Pákó tí mo dúró lé já ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì kejì, itan mi ṣẹ́ — mo dìde. Okùn àti rọ́bà tí mo rọ omi sí ni mo fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú sí, kò sí ògiri mi kan tó wọ́ rí. Lónìí, yàrá mẹ́rìnlá ní Kado. Èmi Mùíbì!

Mo fẹ́ gbé òkè kan lé e sí i. Yàrá mẹ́fà, ti àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Bí ilé bá tóbi tó, wọn á wálé.

Ìṣẹ́gun, 4
Akitẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán ilé dé. Fáìzàh, ọmọ ọ̀rẹ́ mi ará Ìlọrin. Mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ó fi nǹkan bí awò ńlá bò mí lójú, ni mo bá rí òkè tí a kò tíì kọ́. Mo na ọwọ́ sí ògiri, ọwọ́ kọjá. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ — mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Ó ní àpẹẹrẹ lásán nìyẹn, kí òun tó ya èyí tí a máa kọ́ gan-an, ilé ló máa kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń gbé inú rẹ̀. Mo ní, "Ilé wo ló ń sọ̀rọ̀?" Ló bá lẹ ohun kan bí ẹyin àparò mọ́ àjà yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ya fọ́tò, ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń kà. Ọ̀sẹ̀ méjì. Bí àwọn yàrá bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn bí èèyàn bá ń lò wọ́n, á ya òkè. Bí wọn ò bá ṣiṣẹ́, ó ní a ó jọ sọ̀rọ̀.

Olófòófó ni mo pè wọ́n.

Jímọ̀, 7
Ràdíátù ọmọ mi pè láti Lugbe, ìlú kan náà la jọ wà. Iṣẹ́ báǹkì kò jẹ́ kó ráyè wá. Saeed àbúrò rẹ̀ ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti Iléyá ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Ọgbọ́n dé! Lẹ́yìn Àsùbáà mo wọ gbogbo yàrá. Jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yìí, dìde, ó di òmíràn. Mo tan fáànù. Mo tilẹ̀ sọ̀rọ̀ sókè ní yàrá Saeed. Kí Olófòófó lè rò pé ilé kún.

Àìkú, 9
Mo tún lọ. Orúnkún ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 12
Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lónìí. Yàrá ìyá wọn ni mo pẹ́ sí jù. Ọdún mẹ́rin tí Mùfúlíátù ìyàwó mi ti jáde láyé. Oorun gbé mi lọ níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18
Ìyá Kọ̀ǹpútà ṣí àwòrán ilé hàn mí. Yàrá tí èèyàn bá wọ̀ ló ń pọ́n, gbogbo rẹ̀ sì pọ́n yòò. Mo ní, "Ṣé o rí i? Yàrá wo ni kò ṣiṣẹ́?"

Ó fi ìka tẹ àwòrán náà, ó ń yí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kọjá. Ó wá ní, "Baba, wọ́n ń wọ gbogbo yàrá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ti pọ́n, ìyókù á kú. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, ilé yìí ò rí ẹni méjì pa pọ̀ rí, àfi ọjọ́ tí mo wá."

Mo ní irọ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń pa.

"Kò mọ irọ́ pa, Baba. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé àwo, ó bá mi jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 20
Mi ò wọ yàrá kankan.

Jímọ̀, 21
Mo ní kí Fáìzàh má ya òkè mọ́. Ó bi mí bóyá inú ń bí mi. Mo ní ta ni í bínú sí ẹyin àparò?

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Ràdíátù ti ń ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ òun. Èsì mi kì í yí: onílé kì í sùn nílé ayálégbé. Yàrá méjì péré ni tirẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, màá ti géètì yìí. Màá gbé báàgì kan, màá wọ mọ́tò lọ sí Lugbe. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì, màá sùn ní pálọ̀. Mi ò tíì sọ fún un, kó má baà ní òun ò ráyè.