Amọ̀ Funfun Nínú Amọ̀ Pupa

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí mò ń kí tí ẹ ò lè dá mi lóhùn mọ́ láti ọ̀run. Mo ti wà ní Dublin. Èmi àti Títí, ọmọ kíláàsì mi, la jọ ń gbé yàrá kan ní Ongar. Òun nìkan ni ọ̀rẹ́ tí mo ní níbí, òun náà ló sì dalẹ̀ mi.

Táìlì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ là ń kọ́. Ìbá dùn mọ́ yín. Wọn á po amọ̀ pupa, wọn á gé e ní igun mẹ́rin, wọn á tẹ igi tí wọ́n fín àwòrán sí mọ́ ọn kó lè jìn. Amọ̀ funfun ni wọ́n ń rọ sínú ibi tó jìn yẹn. Wọn á fá ojú rẹ̀ kó dọ́gba, wọn á fi ohun tó ń dán kùn ún, ó di inú ìléru.

Ọ̀kan wà ní kíláàsì tí kìnnìún funfun orí rẹ̀ ti yọ dànù. Gbogbo wọn ní ẹsẹ̀ èèyàn ló jẹ ẹ́ tán. Mo wò ó: etí ihò náà ṣì mú, ẹsẹ̀ kọ́. Amọ̀ pupa ti gbẹ jù kí wọ́n tó rọ funfun sí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé amọ̀ tútù kì í di amọ̀ gbígbẹ mú. Ojú tì mí láti sọ ọ́ níwájú wọn, inú reluwé ni mo ti sọ ọ́ fún Títí.

Lọ́jọ́ kejì ó nawọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló rí i. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí mo bi í, ẹ̀rín ló ń rín: "Ta ló di ẹnu ẹ? Ṣé kó rà mọ́ ẹ nínú ni, àǹtí alámọ̀?"

Màámi, ẹ̀yin náà ni mò ń bínú sí. Ẹ ní kí n dákẹ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni á sọ̀rọ̀ fún ẹni. Ìkòkò yín gan-an, àwọn alájàpá ń fi orúkọ tiwọn tà á. Ẹ mọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́bọ̀, a fẹ́ mọ táìlì tiwa. Nítorí ohun tí Títí ti sọ, òun ni tíṣà bi pé báwo la ṣe ń mọ̀ tí amọ̀ pupa bá tó rọ funfun sí. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó máa wò. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo gbé amọ̀ náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó tutù dé eyín mi. Mo ní kò tíì tó, omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Tíṣà bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní: "Ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ kìnnìún yẹn náà, èmi ni mo ni ín."

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Títí.

Títí ti kó lọ sí Clonsilla. Ó ń sọ kiri pé ọ̀dàlẹ̀ ni mí, pé mo dójú ti òun láàárín òyìnbó. Èmi nìkan ló ń jẹun nínú yàrá yìí báyìí. Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ibi gbogbo máa ń dá páropáro tó báyìí lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀. Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sá fún nìyí?

Ọmọ yín tó ń bínú sí yín, tí àárò yín sì ń sọ