Má Fi Káàdì Ra Táyà Kí Ọjọ́bọ̀ Tó Pé

Corbin, ayọ̀ mi,

Ara tù mí. Ìyáàfin Gorski ti báńkì pè láàárọ̀ yìí: máàkì àwìn wa, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá a máa ń san gbèsè dáadáa, ti gòkè, wọ́n máa yá wa lówó ilé tí a fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀ tó sọ lóṣù tó kọjá ló gbà wá: “Ọmọ mi, ọjọ́ kejìlá ni àwọn tó ń fún yín ní máàkì ń wo iye tí ẹ ti ná lórí káàdì, ẹ̀yin ń san án lógúnjọ́. Lójú wọn, ẹ ń ná káàdì tán lóṣooṣù.”

Má fi káàdì ra táyà kí a tó tọwọ́ bọ̀wé lọ́jọ́bọ̀. Wọ bọ́ọ̀sì.

Má bínú pé mo pè ọ́ lápà nígbà tí máàkì wa kò gòkè. Èmi ni mo mú ogúnjọ́ pé ká máa san gbèsè káàdì, torí ọjọ́ yẹn lo kọ́kọ́ fẹnu kò mí lẹ́nu. Ọjọ́ kẹwàá la san án lóṣù yìí, bẹ́ẹ̀ náà la ó máa ṣe báyìí. O mọ iṣẹ́ tó já lé ọ léjìká lọ́jọ́ náà.

Marlys rẹ