Aago Bàbá nínú oòrùn

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Mo so aago Bàbá mọ́wọ́ lọ sóko ní abúlé wa, Kpingni, lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sin wọ́n. Aago àtijọ́ ni, irú èyí tí ojú rẹ̀ máa ń dúdú; bí a bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà pupa á tàn lójú rẹ̀. Mo dúró lórí àpáta nínú oòrùn, mo tẹ̀ ẹ́, mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo fi fìlà ṣíji bò ó ni mo tó rí nọ́ńbà.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan nígbà ayé Bàbá, délégé, olórí abúlé tí ìjọba yàn, bi Bàbá pé aago mélòó ló lù. Bàbá wo aago náà, wọ́n ní, "Kámáráàdì, oòrùn ò jẹ́ kí n rí i." A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ní, "Bàbá, ojú yín ti bàjẹ́," tí mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, tí mo ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ oko mọ́.

Wọ́n jókòó sílé títí wọ́n fi kú.

Oòrùn ló bo nọ́ńbà náà; kò sí nǹkan tó ṣe ojú Bàbá.