Ife Kọfí Tí N Kò Mu

Mafraki, ọjọ́ Sátidé

Hadil, ọmọbìnrin mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Kairo. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò tíì mú ọ gbàgbé oúnjẹ. Ara tiwa le, àfi orí tí ó ń fọ́ mi.

O ti gbọ́ lórí fóònù pé Suheb ẹ̀gbọ́n rẹ dé, ṣùgbọ́n ìyá rẹ fi ẹkún gba fóònù lọ́wọ́ mi kí n tó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ogójì ọjọ́ ni àwọn ará aṣálẹ̀ òdìkejì ààlà fi dá òun àti ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ dúró, nítorí ìjà tí wọ́n ń bá ìjọba tiwọn jà.

Laiti, òṣìṣẹ́ ìjọba tí o ń bú lórí fóònù láràárọ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ, ni ìjọba wa rán lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀lé òun, kí wọ́n lè rí irun funfun. Ojú ewé mẹ́sàn-án ló kọ ọ̀rọ̀ sí. Kò sí ibi tí kọfí wà nínú rẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó wá tọrọ nǹkan kì í fẹnu kan kọfí onílé títí onílé yóò fi gbà. Ṣéèkì Mutlaki, olórí wọn, ní kí wọ́n gbé kọfí fún wa. Kí n tó yíjú, Laiti ti mu tirẹ̀ tán, ó tún ní ó dùn. Ṣéèkì rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọpẹ́ ni. Ẹ ò bá ẹ̀bẹ̀ wá nìyẹn, ẹ kàn wá kí wa ni.” Laiti ń fi ojú ewé mẹ́sàn-án fẹ́ ara rẹ̀.

Mo gbé ife tèmi kalẹ̀. Èmi tí ìyá rẹ ní bí n kò bá tíì mu kọfí, kí ará ilé máa sá! Láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀, orí ń fọ́ mi. Ṣéèkì bi mí bóyá kọfí àwọn kò dára ni.

Mo ní, “Ó dára, òórùn rẹ̀ ló ń pa mí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi wà lọ́wọ́ yín. Bí mo bá mu ún, kí ni kí n sọ fún ìyá rẹ̀?” Hadil, mo sunkún níwájú wọn, ojú kò sì tì mí.

Ṣéèkì wá ní, “Bàbá Suheb, ẹ mu kọfí yín. Ọmọ yín ń bọ̀.”

Ife náà kù díẹ̀ kó kan ètè mi nígbà tí Suheb wọlé, ó ti rù kan eegun. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán kí ó tó kí mi.

Ọlọ́run tó dá a padà yóò mú ìwọ náà wálé tayọ̀tayọ̀. Ojú kò ní tì ọ́ láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Fawasi

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Laiti mú bàbá rẹ̀ wá kí wa lánàá. Ìyá rẹ gbé kọfí fún Laiti, ó gbé e kalẹ̀, kò fẹnu kàn án. Mo bi í pé kí ló tún ń tọrọ, ṣebí Suheb ti wà nílé. Ó ní láti ìgbà tí Suheb ti dé, kò sẹ́ni tó ń bú òun láràárọ̀ mọ́, ara òun kò sì lélẹ̀. Tètè fèsì. Ife náà ṣì wà lórí tábìlì, ìyá rẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e.