Ṣúgà Inú Àgbo

Ìgandò, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Dókítà bá wa yọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà mí ju ti àná lọ.

Ó ti ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Tí èèyàn bá sùn láìjẹun, ẹ̀dọ̀ ni yóò máa tú ṣúgà tó ti fi pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí agbára má baà tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọkọ mi, tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, má jẹ nǹkan kan wá síbi àyẹ̀wò. Ṣúgà rẹ̀ dúró dáadáa. Dókítà ní, "Bàbá, ẹ̀dọ̀ yín ṣì ń gbìyànjú."

Inú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ bọ̀ wálé ni mo ti gbọ́ òórùn àgbo lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Sàídì, kí lẹ mu láàárọ̀?"

"Àgbo mi ni jàre. Ṣé oúnjẹ nìyẹn?"

Àgbo tí èmi fúnra mi fi mínírà dídùn ìgò kan gbáko rẹ, torí ó ní ti olómi korò jù! Ṣúgà tí dókítà wá rí yẹn, ṣé ti ẹ̀dọ̀ ni àbí ti ìgò?

Mo ní ká padà lọ lọ́la. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń ka ẹyọ ata sọ́bẹ̀ ló fẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀mejì?"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹyin ojú rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú bí àgbálùmọ̀.

Mo ti da àgbo tó kù nù. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni màá tẹ́ ẹní mi sí lálẹ́ yìí, kó má baà rí nǹkan kan fi kan ẹnu ká tó padà lọ.