Pákó Ojú Gọ́tà àti Ìbúra Tí Mo Bá Yín Ṣe

Ìyá mi kékeré, ẹnjiníà tí mo bí,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó sí, torí ó gùn, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé kì í rẹ́ ọ jẹ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibi tí o dé yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Irin tí o bá fọwọ́ kàn kò ní wó lu ẹnikẹ́ni, bírìkì tí o bá ní kí wọ́n tò kò ní yẹ̀, ọ̀gá tó bá ń wá ẹ̀sùn sí ọ lọ́rùn, yóò wá a títí yóò fi gba ìfẹ̀yìntì, kò ní rí i. Àmín. Èmi náà wà. Orúnkún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń dún ṣì ń ṣí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ tí wọ́n fi gbà yín sí ẹgbẹ́ ẹnjiníà, o bi mí bóyá mo rí i, mo ní mo rí i, o ní ó ti rẹ̀ ọ́, mo ní kí o lọ sùn. Ọ̀rọ̀ wa ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wá ń tò sí mi lẹ́nu.

O rántí pé o ní ẹni méjì péré ni wọ́n gbà kí kálukú mú wá sí gbọ̀ngàn, pé ọ̀nà jìn, pé orúnkún mi ò lè gbé e, pé wàá fi ayẹyẹ náà ránṣẹ́ sí mi nínú fóònù kí n lè bá yín ṣe é láti ilé. Mo dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wẹ̀, mo fá irùngbọ̀n mi, torí ẹni tó ń gẹrun fún gbogbo àdúgbò kò gbọdọ̀ lọ síwájú àwọn èèyàn ńlá pẹ̀lú irùngbọ̀n játijàti. Mo wọ aṣọ funfun tí o rà fún mi. Mo fi agolo tíì ti fóònù lẹ́yìn lórí tábìlì, mo wá gbé àga méjì síwájú rẹ̀, nítorí ẹni méjì ni wọ́n pè, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé kò sí mọ́, mi ò tíì ya wèrè. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n wo ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n ní ọmọ yìí kò ní ìyá. Télọ̀ ilé kejì, tó wá bá mi tẹ fóònù, fẹ́ jókòó sórí àga yẹn, mo ní kó má bínú, kó lo àpótí, ẹni tó ni àga ń bọ̀. Ó wò mí, ó jókòó sórí àpótí.

Gbọ̀ngàn yín dára. Mo kí gbogbo wọn, wọn ò dáhùn, mo gbà pé ariwo pọ̀ níbẹ̀. Baba arúgbó onígíláàsì ojú tó ń darí ètò yẹn lè sọ̀rọ̀ o! Ó ń gbójú sókè wò mí lóòrèkóòrè, èmi náà sì ń mi orí sí i kó má bàa rò pé mò ń sùn. Nígbà tó yá, gbogbo yín dúró jẹ́ẹ́ láìmira, nǹkan roboto kan wá ń yí láàárín yín. Mo ní fáànù wọn mà ń gbìyànjú, ó ń yí tó báyìí, aṣọ ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Télọ̀ ní dátà ló ń rìn díẹ̀díẹ̀. Mi ò bá a jiyàn.

Ó wá kan ìbúra. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń wọ ẹgbẹ́ dìde, kó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ṣé èmi náà ò sí níbẹ̀ ni? Ṣebí ìwọ lo ní kí n bá yín ṣe é. Mo dìde, mo nawọ́. Télọ̀ ń gbé e fún mi lẹ́nu níbi tí ohùn bá ti já, mo sì ń tẹ̀ lé yín: pé a ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò dára, pé ẹ̀mí èèyàn ṣáájú owó, pé tí a bá mọ̀ pé ohun kan lè ṣe èèyàn léṣe, a ò ní panu mọ́. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ bàbá mi, tìrẹ ni mo fi kádìí rẹ̀. Nígbà tí baba onígíláàsì ní òun kí gbogbo wa káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́, omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, wọn ò gbà mí sí ẹgbẹ́ kankan rí àfi ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀, ìyẹn náà sì ti tú.

Wọ́n wá pe orúkọ rẹ. O jáde, o dúró, o bojú wẹ̀yìn, ò ń wo àwọn àga ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá èèyàn. Mo mọ̀ pé èmi lò ń wá. Mo fò dìde, mò ń juwọ́, mò ń pariwo pé èmi rèé, èmi rèé o. Orúnkún mi gbá tábìlì, fóònù ṣubú, ó dojú bolẹ̀. Nígbà tí a ó fi gbé e dìde, ọmọ ẹlòmíràn ló ń bọ baba yẹn lọ́wọ́. Mi ò rí i nígbà tí wọ́n fún ọ ní òǹtẹ̀ rẹ, èyí tí ẹ ó máa tẹ̀ sí iṣẹ́ tó bá dára. Ohun tí mi ò lè sọ fún ọ lórí fóònù nìyẹn.

Nígbà tó parí, ojú fóònù ṣú, ojú ara mi ni mò ń wò nínú rẹ̀. Télọ̀ ní ó ti tán. Mo ní èèyàn kì í kúrò níbi ìnáwó kí ẹni tó ni í tó wá kí i. O rántí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ti fún yín lẹ́bùn tán, ńṣe lo máa ń sáré wá bá èmi àti ìyá rẹ lórí ìjókòó. Télọ̀ lọ sílé rẹ̀. Mo jókòó, àga kejì náà wà níbẹ̀. Àárò rẹ sọ mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo pe orúkọ rẹ jáde.

Ó dáa. Ìbúra ti wọlé, ó ku iṣẹ́. Ní òwúrọ̀, mo gba orí pákó ojú gọ́tà wa kọjá, ó dún kẹ̀ẹ́. O mọ pákó yẹn, èyí tí káfíńtà gbé lé gọ́tà iwájú ilé kí èèyàn lè rí ọ̀nà wọlé, kí o tó wọ ilé ìwé, tí o máa ń fò lórí rẹ̀ tí ìyá rẹ á máa pariwo pé o máa já sómi. Ó ti ń dún kẹ̀ẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà náà mi ò tíì búra. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wọ́ pákó náà sọ́dọ̀ ara mi, mo fi ti ògiri.

Háà! Káfíńtà dé, ó ní mo ba òun lórúkọ jẹ́, pé pákó òun lè gbé màlúù. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń fò lórí rẹ̀ kó lè fi hàn mí pé kò ní ṣẹ́. Mo ní kò sí pákó tó ń ṣẹ́ lórí ilẹ̀. Ó ní ẹnjiníà nìkan ló lè sọ fún òun pé iṣẹ́ òun ò dára. Mo ní ẹnjiníà ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Láti ìgbà náà, Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, mo sì ń dá wọn lóhùn.

Ibi tó ti dùn mí ni pé ẹsẹ̀ èèyàn ti dá nílé yìí. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jìn, àgbàlá Télọ̀ ló gbà kọjá, ajá rẹ̀ ò sì fẹ́ràn èèyàn. Àwọn tó ń wá gẹrun ti wá ẹlòmíràn lọ. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ tí a jọ máa ń ta dráfù nírọ̀lẹ́ gbìyànjú díẹ̀, á dúró ní òdìkejì gọ́tà, á máa pariwo ibi tí òun fẹ́ kí ọmọ dráfù òun lọ, èmi á máa bá a sún un. Ó ní mò ń rẹ́ òun jẹ. Ká sòótọ́, mo rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Kò wá mọ́. Ilé dákẹ́. Tí mo bá húkọ́, èmi náà ni mò ń sọ fún ara mi pé pẹ̀lẹ́.

Gbogbo wọn ní kí n dá pákó padà. Mi ò lè dá a padà. Ẹnjiníà ni mí, ṣùgbọ́n mi ò ní òǹtẹ̀, fóònù ti ṣubú kó tó kàn mí. Ìwọ lo ní òǹtẹ̀. Ọ̀gá mi ni ọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Wá wò ó, bó bá dára, kí o tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, bí kò bá dára, kí o ní kí wọ́n gbé e sọ nù.

Ọmọ mi, ó lè jẹ́ pé pákó náà gbé màlúù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí o wá kí mi, o máa ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́. Mo mọ̀ pé o ò purọ́, iṣẹ́ ò jẹ́. Iṣẹ́ ti wà nílé báyìí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo nílò owó dátà, nítorí Télọ̀ ní ayẹyẹ náà ṣì wà nínú fóònù, pé èèyàn lè padà lọ bá yín níbẹ̀, mo sì fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti fún ọ ní òǹtẹ̀. Mo nílò owó òróró orúnkún àti ti abẹ tuntun. Àmọ́ má fi í ránṣẹ́ sí báńkì. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀, wọ́n tún ní kí n tẹ̀ ẹ́ síwájú ẹ̀rọ tí mi ò mọ bàbá rẹ̀. Mo yí padà, mo wá sílé. Fi ọwọ́ ara rẹ mú owó náà wá.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ di ńlá. Ohun tí o bá kọ́ kò ní wó lójú rẹ. Wàá bí ọmọ tí yóò máa jókòó tì ọ́.

Tí o bá dé, má gba ẹ̀yìnkùlé. Dúró ní òdìkejì gọ́tà kí o pè mí, màá gbọ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Pákó náà wúwo. Mo lè dá wọ́ ọ wọlé, mi ò lè dá gbé e padà, ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Màá ti orí kan jáde sí ọ, kí o di orí kejì mú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ẹnjiníà tí kò ní òǹtẹ̀.