Ohun Tí Olórí Ará Òfurufú Ń Sọ

Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá, ọdún 1987

Ìwé dé! Ti eré tẹlifíṣọ̀n náà gan-an, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sunday lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí gbogbo Àkókó ń sáré ti oko bọ̀ wá wò. Wọ́n ti sọ ọ́ di ìwé. Ọ̀gá Bùsàrí, alága ẹgbẹ́ òǹkàwé wa níbí ní Ìkàrẹ́, ló kó o wá láti Àkúrẹ́. Ọ̀gá Ìyẹn-ni-pé ni mo máa ń pè é nínú ìwé ìrántí mi yìí, nítorí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má fi "ìyẹn ni pé" há a láàárín.

Àwòrán Zaki wà lẹ́yìn ìwé. Zacchaeus, àbúrò mi, tó ṣe Olórí Ará Òfurufú nínú eré náà. Igbá tí wọ́n fi bébà dídán bò ló wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ò hàn. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá wa.

Mo ti ránṣẹ́ sí Màmá ní Òkè-Àgbè pé mò ń bọ̀ wá ka ọ̀rọ̀ Zaki sí i létí. Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti pa á lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, Màmá ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń béèrè náà ò ju ìyẹn lọ.

Sunday, ọjọ́ kẹrin

Mo kà á tán lẹ́yìn ìsìn.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, kí n tó ya ìwé eré yìí sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe eré náà, olùdarí ní kí Zaki máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, pé ará òfurufú kì í sọ Yorùbá. Zaki bá ń sọ èdè ilé wa. Èdè tiwa ní Òkè-Àgbè, tí wọn ò gbọ́ ní Ìkàrẹ́ níbí, ká má tíì dé Àkúrẹ́! Gbogbo ìpínlẹ̀ ń gbọ̀n, àwa ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ọba ayé bí ẹni fẹ́ pa á — ó ń béèrè bóyá ewúrẹ́ Màmá ti bímọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lọ sílé ni mo wò ó. Èmi ò ní tẹlifíṣọ̀n. Màmá ló wo gbogbo rẹ̀, nílé pásítọ̀.

Kí ni ìwé wá kọ? "Olórí bú ramúramù." Ẹ ṣí ewé: "Olórí ké bí ẹranko." Ẹ tún ṣí i: "Ariwo tí kò nítumọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀." Bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Ọ̀rọ̀ kan ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan!

Wọ́n ti gba eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lé orí kásẹ́ẹ̀tì eré náà, ó ti pa rẹ́. Zaki ti lọ. Ìwé yìí ló kù, ó sì pè é ní ẹranko.

Kí ni mo fẹ́ kà fún Màmá?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Màmá rán dẹ́rẹ́bà akérò kan sí mi: ìgbà wo ni mò ń bọ̀? Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé pọ̀. Irọ́ ni.

Sátidé, ọjọ́ kẹwàá

Ìpàdé ẹgbẹ́. Orí ṣì ń fọ́ mi.

Safurat aránṣọ ní ìwé náà dùn ju tẹlifíṣọ̀n lọ, NEPA ò lè mú un lọ nígbà tó bá dùn dé góńgó. Ó ní ẹ̀rù ariwo Olórí ò jẹ́ kí òun lè dá lọ sẹ́yìnkùlé. Joseph, tíṣà ìṣirò tó wá láti Ìkun, ò rí nǹkan mìíràn rò ju epo lọ. Epo wo ni ọkọ̀ àwọn ará òfurufú ń lò? Ta ló ń tà á lójú ọ̀run? Ó ní kí òǹkọ̀wé tún orí kẹrin kọ. Wọ́n jiyàn lórí epo títí ó fi sú mi.

Ọ̀gá Ìyẹn-ni-pé wá dìde. Ó ní ariwo yẹn ló dára jù nínú ìwé. Ìyẹn ni pé, ẹ̀dá tí kò lédè ló ń ba ènìyàn lẹ́rù jù. Ìyẹn ni pé, òǹkọ̀wé gbọ́n.

Mo ní èdè ni. Mo ní èdè ilé wa ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Joseph ní ṣé àwọn ìbátan wa wà lóṣùpá ni, ṣé wọ́n máa ń wálé ọdún? Safurat pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì mọ Zaki, òun ló rán ṣòkòtò tó wọ̀ sínú pósí. Mo dìde. Mo gbàgbé agbòjò mi síbẹ̀. Kí wọ́n máa lò ó.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kejìlá

Ọmọ kan ní kíláàsì tí mò ń kọ́ bú ramúramù lẹ́yìn mi. Mo nà án. Kò dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Safurat gbé agbòjò wá. Ó ní kí n má bínú. Mo ní mò ń bínú. Ó jókòó, ó ní òǹkọ̀wé ń bọ̀ wá sí Ọ̀kà lọ́jọ́ Sátidé láti bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀. Gàníyù lorúkọ rẹ̀. Èmi ti sọ ọ́ ní Ramúramù.

Mò ń lọ. Ká rí i lójúkojú.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀kà. Gbọ̀ngàn kún. Mo rò pé Ramúramù á jẹ́ agbéraga kan tó ń fẹlá. Ọkùnrin tín-ínrín ni, agbádá rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bàbá àgbà kan bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ayé ló borí. Obìnrin kan bi í bóyá Olórí ní ìyàwó nílé. Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín.

Mo dìde, mo sì fi èdè ilé wa bi í léèrè pé ta ló sọ fún un pé àbúrò mi ń ké bí ẹranko.

Gbọ̀ngàn hó! Wọ́n rò pé mò ń sín Olórí jẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnì kan ní kí n tún un ṣe.

Mo wá fi Yorùbá sọ ọ́. Ramúramù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní, "Àǹtí, mo bi í nígbà tó wà láyé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi kí n lè kọ ọ́. Ó ní ariwo lásán ni, kò nítumọ̀."

Mo pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo wọn. Mo ní nítorí Zaki ò lè jáde wá dáhùn ló ṣe ń purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó jókòó. Inú mi dùn.

Lọ́la, mo máa sọ fún Màmá. A jọ máa bínú.

Sunday, ọjọ́ kejìdínlógún, Òkè-Àgbè

Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo ń pariwo. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ó wá ní, "Ọmọ yẹn ò purọ́. Èmi ni mo ní kí Zacchaeus sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní tí wọ́n bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni, wọ́n á ní kó sọ nǹkan mìíràn. Kí ni òun á wá máa gbọ́ lọ́jọ́ Sunday?

Màmá! Mo ti na ọmọ ọlọ́mọ. Mo ti bú ọmọlúàbí ní gbọ̀ngàn. Zaki mọ̀, Màmá mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo jágbe mọ́ ọn, mo ní ìkọ̀kọ̀ yín ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kù sáyé. Mi ò sọ̀rọ̀ báyẹn sí i rí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó béèrè ibi tí Olórí ti kọ́kọ́ kígbe nínú ìwé. Mo ní nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn ṣí. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ ló ti ní, "Màmá, mo dé o." Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mo ní létí odò. Ó ní ibẹ̀ ló ti béèrè bí ẹsẹ̀ tó ń dun òun Màmá ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Nígbà tó nawọ́ sí ọba. Ó rẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́.

Gàníyù ò fo ariwo kan. Gbogbo rẹ̀ ló kọ síbi tó wà. Mo ní láti padà sí Ọ̀kà lọ bẹ̀ ẹ́, èyí náà tún ń bí mi nínú.

Màmá ní kí n padà síbẹ̀rẹ̀, kí n má sáré, kí n máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn ariwo kọ̀ọ̀kan.

Mo kà á: "Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Olórí bú ramúramù." Mo dúró.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Màmá dáhùn.